Bràsíl lọ́dún 1835: ìjà náà ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ náà ṣí, àmọ́ níbo ló gúnlẹ̀ sí?

Ìyá Ìbejì kan kọ̀wé sí mi láti Èkó. Ó ní olùkọ́ ìtàn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọdún kan láàárín 1801 sí 1900, kó mú orílẹ̀-èdè kan tì í, kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ìbejì mú Bràsíl, ọdún 1835, torí pé ìyá bàbá wọn, ọmọ Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Bràsíl padà wá sí Èkó, máa ń sọ pé ọdún yẹn ni wọ́n fi ọkọ̀ kó bàbá ńlá àwọn padà sí Èkó lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí bá òyìnbó jà. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dún náà, orúkọ àwọn wo ló yẹ kí àwọn ọmọ kọ sílẹ̀, ṣé òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Ìjà wà, ọkọ̀ wà. Èkó yẹn nìkan ló ń kọ mí lóminú. Ẹ má tíì sọ fún wọn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tán ná.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Pedro Kejì, ọba Bràsíl, ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí 1835 wọlé. Oṣù kejìlá 1825 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, Pedro Kìíní, ti gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1831, ó ti wọkọ̀ lọ sí Yúróòpù, ó sì ti kú síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1834. Adelé ló ń ṣèjọba. Mẹ́ta ni adelé tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe òfin ti 1834 ló sọ ọ́ di ẹyọ kan, kí wọ́n sì máa dìbò yàn án. Ìbò náà wáyé ní oṣù kẹrin 1835, Fadà Diogo Antônio Feijó ló sì wọlé. Ó gorí àga ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá. Fadà yìí ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé kí wọ́n jẹ́ kí fadà máa gbéyàwó, ẹ wá wo bí àárín òun àti Róòmù á ṣe rí. Kò pé ọdún méjì lórí oyè tó fi kọ̀wé fi í sílẹ̀.

Kó tó dórí àga rárá ni iná ti ràn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní, ní Belém, lẹ́nu odò Amazon, àwọn tálákà etí omi já wọ ìlú, wọ́n pa gómìnà Bernardo Lobo de Sousa, wọ́n sì gba ìjọba. Inú ahéré ni àwọn èèyàn yìí ń gbé, cabana ni èdè Potogí ń pe ahéré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọ̀tẹ̀ wọn ní Cabanagem. Ọmọ onílẹ̀ wà nínú wọn, èèyàn dúdú wà níbẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pò pọ̀ náà wà níbẹ̀. Félix Malcher, olóko ńlá kan, ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ gómìnà tiwọn; kí oṣù kejì tó parí, àwọn tirẹ̀ ti yẹ̀yìn fún un, wọ́n ti pa á. Ní oṣù kẹjọ, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan, Eduardo Angelim, ló ń darí ìlú. Ọdún 1840 ni ìjà yẹn tó rọlẹ̀ pátápátá, àwọn òpìtàn sì fojú bù ú pé ẹ̀mí tó bá a lọ tó 30,000. Orúkọ Angelim yẹ nínú ìwé àwọn ọmọ.

Lápá gúúsù, ní Rio Grande do Sul, owó ẹran ló dá tiwọn sílẹ̀. Ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì sá gbẹ ni àwọn olówó ibẹ̀ ń tà, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ ẹrú nínú oko ìrèké àti oko kọfí kárí Bràsíl. Ìjọba Bràsíl tó wà ní Rio de Janeiro wá bu owó orí lé ẹran tiwọn, èyí tó ń ti Uruguay àti Argentina wọlé sì ń dùn-ún rà ju tiwọn lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, Bento Gonçalves kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wọ Porto Alegre. Alákìísà ni àwọn ọ̀tá ń pè wọ́n, wọ́n sì gba orúkọ náà bí oríkì. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jà. Lónìí, ọlidé ni ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Salvador, olú ìlú Bahia, níbi tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wà. Ìjà méjèèjì tí mo sọ yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí ò ju wákàtí mélòó kan lọ, síbẹ̀ òun ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Nǹkan bí 65,000 èèyàn ló ń gbé Salvador nígbà náà. Bí ẹ bá ka márùn-ún, méjì á jẹ́ ẹrú, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú náà. Àwa Yorùbá la pọ̀ jù nínú wọn. Nagô ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, láti ara Ànàgó. Ogun ilé ló tà wá síbẹ̀: Àfọ̀njá ti yọwọ́ kúrò lábẹ́ Aláàfin ní Ìlọrin, àlùfáà Àlímì ti bá a lọ́wọ́ sí i, Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ìlú sì ń kó ìlú. Àwọn tí wọ́n kó ń gba Èkó, Badagry àti Ouidah (tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí) wọkọ̀. Òfin Bràsíl ti ní kí kíkó ẹrú wọlé dópin láti 1831. Orí ìwé ni òfin náà wà. Ọkọ̀ ẹrú ò yéé dé.

Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí wọ́n kó, Háúsá, Tápà, àti ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ìmàle là ń pe Mùsùlùmí nílé, Malê ni Bahia pè wọ́n, òun ló sì di orúkọ ìjà náà. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ Bahia á máa pàdé ara ilé lójú ọ̀nà: abadá tí wọ́n kọ síbẹ̀, agbádá wa ni, alufá sì ni àlùfáà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé ṣe. Ẹrú ìgboro kì í sábà jókòó sílé olówó rẹ̀. Alábàárù ni, tàbí ó ń gbé àga tí olówó jókòó sínú rẹ̀ kiri, tàbí ó ń ránṣọ, ó ń kọ́lé, ó ń kiri ọjà. Iye kan pàtó ló ń san fún olówó rẹ̀ lọ́sẹ̀, èyí tó bá lé sì di tirẹ̀. Èlé yìí ni wọ́n ń tọ́jú títí wọ́n á fi ra ara wọn padà. Ní ìkóríta, níbi tí wọ́n ti ń dúró de oníṣẹ́, ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní kíkà àti kíkọ Lárúbáwá. Elesbão do Carmo, ọmọ Háúsá tí àwọn tirẹ̀ ń pè ní Dandará, ti gba òmìnira ní tirẹ̀. Ìsọ̀ tábà ló ní nínú ọjà Santa Bárbara, ìsọ̀ tábà náà ló sì fi ṣe ilé kéwú.

Ní àdúgbò Vitória, níbi tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, àwọn ẹrú wọn kọ́ ahéré kan sẹ́yìnkùnlé Gẹ̀ẹ́sì kan. Wọ́n ń kírun níbẹ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀. Ní oṣù kọkànlá 1834 wọ́n ń ṣọdún ẹ̀sìn lọ́wọ́ nínú ahéré náà ni aláṣẹ àdúgbò bá já lù wọ́n, ó sì tú wọn ká. Olówó wọn ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wó o lulẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú àwọn òpìtàn tó sọ pé ahéré yìí wà lára ohun tó mú kí sùúrù tán.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn ìbejì mọ̀ jù ni Pacífico Licutan. Àgbàlagbà Nagô ni, àlùfáà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, dókítà kan ló sì ni ín lẹ́rú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dáwó jọ láti rà á padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà kọ̀. Nígbà tó yá, gbèsè wọ dókítà lọ́rùn. Àwọn fadà Kámẹ́lì tó jẹ lówó ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, Licutan sì wà lára ẹrù. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ìlú kí wọ́n lè lù ú ní gbàǹjo. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù ò ní àlejò tó o: ojoojúmọ́ ni èèyàn ń wá kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró de gbàǹjo.

Oṣù Ààwẹ̀ ni àwọn Malê mú láti dìde ìjà. Ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835 bọ́ sí ọjọ́ 25 Ràmàdáánì, àsìkò tí Mùsùlùmí ń ṣọ́ òru Lailatul-Qadri. Ọjọ́ Àìkú ni, àwọn ìjọ Àgùdà sì ń ṣọdún Màríà ní Bonfim, lẹ́yìn ìlú, ìgboro á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n fẹ́ jáde, wákàtí tí ẹrú máa ń lọ pọnmi, tí ẹnikẹ́ni ò ní fura sí èèyàn dúdú tó ń rìn lójú títì.

Ìjà lọ́kọláya ló tú u fó. Láàárọ̀ Sátidé, Sabina da Cruz, Nagô tó ti gba òmìnira, bá Sule ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ìgbà tó máa tọjà dé, ọkọ ti kó aṣọ rẹ̀ lọ. Ó wá a kiri títí ó fi dé ilé kan ní àdúgbò Guadalupe. Obìnrin kan ló pàdé rẹ̀ níbẹ̀, Edum ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. (Ẹdun ló ń dún létí tèmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì gbọ́.) Edum ní kò ní fojú kan ọkọ rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá jáde láti gba ilẹ̀. Sabina ní pàṣán ni wọ́n máa gbà lọ́la, wọn ò ní gba ilẹ̀ kankan. Ó ta gìrì lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Guilhermina. Guilhermina náà ti gbọ́ fìnrín-fìnrín lẹ́nu ọkọ tirẹ̀ nípa àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Santo Amaro wá pàdé ẹnì kan tó ń jẹ́ Ahuna. Ó tọ òyìnbó aládùúgbò rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sì dé etí gómìnà lóru ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ á fẹ́ pe Sabina ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi ò ní bá wọn kọ ọ́. Obìnrin tó fi ojú ara rẹ̀ rí oko ẹrú, tó jáde níbẹ̀, tó ń jẹun lójú ọjà, ó mọ ohun tí ìlú tó gbaná á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó ṣe, kí wọ́n kọ ohun tó sọ, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago kan òru, àwọn ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Ladeira da Praça, níbi tí Manoel Calafate, Nagô tó ti gba òmìnira, àti àwọn èèyàn rẹ̀ péjọ sí. Oúnjẹ sààrì ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí, nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn ya lu ìgboro pẹ̀lú idà àti ọ̀bẹ, agbádá funfun lára, tírà lọ́rùn. Abẹ́ ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni ẹ̀wọ̀n wà, kò jìnnà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé láti gba Licutan sílẹ̀. Ìbọn ń ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá, wọn ò rí i gbà. Wọ́n gba Terreiro de Jesus, wọ́n lọ sí Vitória lọ pàdé àwọn ẹrú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n padà gba inú ìlú kọjá, títí wọ́n fi já sí Água de Meninos létí omi, níwájú bárékè àwọn ṣọ́jà ẹlẹ́ṣin. Ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn kan bẹ́ sómi, omi gbé wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀tẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ti parí.

Nǹkan bí 600 ló jáde. Nǹkan bí 70 ló kú nínú wọn, mẹ́sàn-án kú ní apá kejì. Lọ́rùn ọ̀kan nínú àwọn òkú ni wọ́n ti yọ ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní Lárúbáwá. Ìwé náà wà ní Rio títí dòní.

Níwájú adájọ́, wọ́n bi Licutan léèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Bilal. Adájọ́ ní Licutan ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ òun lè jẹ́ orúkọ tó bá wu òun. Ẹ̀yin tí ẹ bá kéwú mọ ẹni tí Bílálì jẹ́: ẹrú tó di òmìnira, tó sì kọ́kọ́ pe ìrun fún Ànábì. Inú ẹ̀wọ̀n ni Licutan wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé idà kankan, síbẹ̀ wọ́n dá 1,200 pàṣán fún un. Àádọ́ta-àádọ́ta ni wọ́n ń nà wọ́n lóòjọ́, ní gbangba.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, wọ́n pa mẹ́rin ní Campo da Pólvora. Jorge da Cruz Barbosa ni ọ̀kan, Ajahi ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é, ta ni ò mọ̀ pé Àjàyí ni? Àwọn mẹ́ta yòókù, Pedro, Gonçalo àti Joaquim, ẹrú Nagô ni gbogbo wọn. Ìjọba ti kan igi ìsokọ́ sílẹ̀, àmọ́ wọn ò rí ẹnì kan tó gbà láti fa okùn. Ìbọn ni wọ́n fi pa wọ́n.

Òfin méjì tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ pò wọ́n pọ̀. Ti Bahia, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, fún ìjọba láṣẹ láti lé ọmọ Áfíríkà olómìnira tí wọ́n bá fura sí kúrò nílùú. Àwọn tó kù á máa san owó orí 10,000 réis lọ́dún, wọn ò sì gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ti gbogbo Bràsíl jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà: ẹrú tó bá pa olówó rẹ̀ tàbí tó ṣe é léṣe gidigidi, ikú ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé ìjà Salvador ló bí òfin kejì yìí. Láti 1833 ló ti wà níwájú ilé aṣòfin, lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Carrancas ní Minas Gerais pa ìdílé àwọn olówó wọn. Ẹ̀rù tó ti Salvador wá ló tì í jáde.

Ọkọ̀ wá kàn. Kí 1835 tó parí, ìjọba Bahia háyà ọkọ̀, ó kó ọmọ Áfíríkà olómìnira tó lé ní ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ouidah. Ọ̀pọ̀ míì fi owó ara wọn gba ìwé ìrìnnà, torí owó orí yẹn àti ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n. Francisco Félix de Souza ni Ṣàṣà, ìyẹn aṣojú ọba Dàhómì lórí òwò, ní Ouidah nígbà náà, ọmọ Salvador ni òun fúnra rẹ̀, ó sì ti fi òwò ẹrú lówó. Àdúgbò Maro tó wà ní Ouidah títí dòní, ọwọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn ìjà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ayé: ẹni tó ń kó àwọn èèyàn wọn lọ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn nígbà tí wọ́n padà dé.

Èkó ti 1835 ńkọ́? Ọjà ẹrú ni. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ẹrù rẹ̀ láìní alágbàtọ́, wọ́n lè tún un tà. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ ọba Èkó lọ ní ìparí 1851 ni ọkàn àwọn ará Bahia tó balẹ̀ sí Èkó, wọ́n sì ń dé títí Bràsíl fi fòpin sí ẹrú ní 1888 àti lẹ́yìn náà. Torí náà, bí bàbá ńlá àwọn ìbejì bá kúrò ní Bahia ní 1835, ó ṣeé ṣe gidi kó jẹ́ pé Ouidah, Agoué tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló kọ́kọ́ gbé, kí òun tàbí ọmọ rẹ̀ tó wá sí Èkó. Ó sì lè jẹ́ pé ìgbà míì pátápátá ló dé, tí ìdílé wá so ìtàn rẹ̀ mọ́ ọdún tí gbogbo wọn ò lè gbàgbé.

Orúkọ kan wà tí àwọn ọmọ á rí káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì: Luíza Mahin, tí wọ́n ní ó jẹ́ olórí nínú ìjà náà. Ọmọ rẹ̀ ni Luiz Gama, tí wọ́n bí ní Salvador ní 1830, tí bàbá rẹ̀ tà lẹ́rú, tó wá di agbẹjọ́rò tó ń gba ẹrú sílẹ̀ ní São Paulo. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé Nagô ni ìyá òun, àti pé wọ́n ti mú un rí torí wọ́n fura pé ó wà nínú ètò àwọn ẹrú. Kò dárúkọ 1835, orúkọ ìyá náà ò sì sí nínú ìwé ẹjọ́ àwọn Malê. Kí wọ́n fi Guilhermina, Sabina àti Edum sípò obìnrin, àwọn yẹn wà nínú ìwé.

Bí àyè bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi ikú José da Silva Lisboa, Visconde de Cairu, kún un. Ọmọ Salvador ni, òun ló gbani nímọ̀ràn ní 1808 pé kí Bràsíl ṣí èbúté rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè míì, oṣù kẹjọ 1835 ló sì kú. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ ní Bràsíl sílẹ̀ ní Niterói. Inú olùkọ́ wọn á dùn sí ìyẹn.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, àmọ́ ẹ má lọ fi ìwé bá wọn jiyàn. Ẹ bi wọ́n bóyá bàbá ńlá náà ń lọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kí orúkọ ìdílé Potogí tó máa tan yín jẹ. Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó láyé ìjọ́un. João Baptista da Costa, Àgùdà ni, òun ló sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ bi wọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹbí ní Ouidah tàbí Àjàṣẹ́ tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí bí òkú bá kú. Bí wọ́n bá ní ẹbí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kọ̀wé sí mi.